Ọ̀nà Tí Fóònù Fi Hàn Wọ́n

Kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹnu mi ni àwọn àlejò fi ń mọ Múṣin. Mo máa ń mú wọn rìn láti ẹnu ọjà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán bàtà, mo sì ń sọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan fún wọn, òótọ́ díẹ̀, iyọ̀ púpọ̀. Ìgbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Yaba ṣe áàpù kan tó ń sọ ìtàn sí arìnrìn-àjò létí, tó sì ń júwe ọ̀nà. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Mo wá ń bínú sí ohun tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà ládùúgbò wa. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má gba òpópónà ẹ̀yìn yẹn o. Àwọn ọmọ ìta pa ẹnì kan níbẹ̀ láàárọ̀, ìjà ò tíì tán.”

Kò pẹ́ tí tọkọtaya kan fi kọjá, ojú wọn ń bẹ lórí fóònù. Òpópónà yẹn gan-an ni wọ́n yà sí.

“Àǹtí, ẹ ò ní pè wọ́n ni?”

Mo ní, “Wọ́n ní ẹni tó ń mú wọn lọ.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Mo sáré débẹ̀. Àdá ti bá ọwọ́ àlejò ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ ń tú, ìyàwó rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tún gbé àdá sókè. Mo mọ ìyá rẹ̀ tó ń taṣọ ní Tejúoṣó.

Mo ní, “Màá sọ fún ìyá ẹ.”

Ó fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá mi lẹ́nu, eyín mi méjì já sílẹ̀, ó sì sá lọ.

Nílé ìwòsàn, ìka mẹ́ta ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sókè òkun, di ọwọ́ mi mú. “Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ṣé ẹ rí wa nígbà tí à ń wọlé síbẹ̀ ni?”

“Rárá,” mo ní, “ariwo ni mo gbọ́.”

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Yaba tó ṣe áàpù yẹn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò; tí wọ́n bá ní ibì kan gbóná, a ó yọ ọ́ kúrò lórí áàpù. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí èmi gbé mì ló fọ́ sí mi nínú. Obìnrin náà ṣì ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún. Mo máa ń ṣe àmín, mi ò sì tíì sọ òtítọ́ fún un.