Ìka Tí Àlàájì Tì Bọ Oyin

Ẹ má sọ̀rọ̀ ọ̀bùn níwájú mi, torí mo ti bá ọ̀bùn ṣiṣẹ́ rí. Ní nǹkan bí ọdún 2006, èmi ni mò ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní lábù Àlàájì Sàlísù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ ní Ìbàfò. Ròkíátù ló ń ṣe àyẹ̀wò gan-an. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àlàájì, òun ló rán an níléèwé, òun náà ló gbà á síṣẹ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ là ń pe Ròkíátù, nítorí ọṣẹ kì í wọ́n lápò rẹ̀. Bí o bá na ọwọ́ sí i, á kúnlẹ̀ kí ọ dáadáa, àmọ́ á kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ará àdúgbò ní agbéraga ni.

Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni wọn ò mọ̀. Ìbọ̀wọ́ tó yẹ kí a lò lẹ́ẹ̀kan ká sọ nù, Àlàájì á ní ká fọ̀ ọ́, ká sá a sórí wáyà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fì sí nínú oòrùn, ìka wọn á lẹ̀ pọ̀, eṣinṣin á máa bà lé wọn. Nínú fíríìjì tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ sí, ọbẹ̀ Àlàájì wà níbẹ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ lábù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ déédéé. Bí a bá sọ̀rọ̀, á ní omi ò sí, iná ò sí. Ikú ọkọ lọ̀bùn rí tìràn mọ́.

Àwọn oníwàádìí kan wá gbé iṣẹ́ wá láti Èkó. Wọ́n fẹ́ kí a máa fi owú orí igi tín-ín-rín nu egbò ẹnu àti egbò abẹ́ àwọn aláìsàn, kí a fi í sínú ìgò, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín títí mọ́tò wọn á fi dé. Kòkòrò àrùn họ́píìsì ni wọ́n ń wá. Ròkíátù kìlọ̀ fún gbogbo wa pé bí kòkòrò náà bá rí ojú ọgbẹ́ bíńtín, á wọlé. Lára àgbàlagbà, ìléròrò ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè pa ọmọ tuntun, torí ó lè gba ẹnu ọmọ dé inú ọpọlọ.

Ọwọ́ lásán ni Àlàájì fi ń ṣí àwọn ìgò náà. Bẹ́ẹ̀ ó máa ń fi eyín gé èékánná rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́," ni Ròkíátù wí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń ṣe àlùwàlá. Ìdọ̀tí wo ló kù lọ́wọ́ mi?"

"Bàbá, èmi náà ń kírun. Ti Ọlọ́run ni àlùwàlá. Ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ ni ti kòkòrò yìí."

Ó pòṣé. Kò pẹ́ tí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi wú, tí ìléròrò olómi sù jọ sétí èékánná. Ó ní ẹ̀gún ló gún òun. Bó bá ti ń ta á, á kì í bọ ẹnu, á máa fà á mu. Mo kórìíra ìka yẹn, mi ò ní parọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fàúsátù, àbúrò Ròkíátù, bímọ ọkùnrin l'Àgbàdo. Ó ti wá ọmọ títí, débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń wá ìyàwó míì fún ọkọ. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, gbogbo wa lọ. Àáfà ṣàdúà, ó sọ ọmọ ní Mùízz. Wọ́n wá gbé abọ́ oyin síwájú Àlàájì, àgbà ìdílé, pé kó tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa fi ahọ́n lá ìka oníléròrò náà, ó sì tì í bọ oyin.

Ròkíátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dákun Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Ìka yín ò dá."

"Fi mí sílẹ̀."

"Mi ò ní fi yín sílẹ̀, sà."

Wọ́n ń fa ọwọ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, oyin ń kán sára aṣọ funfun Àlàájì. Nígbà tí Ròkíátù rí i pé ó fẹ́ já gbà, ó fi orúnkún ti abọ́ oyin dà nù. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Gbé ọmọ rẹ wọlé." Fàúsátù gbé e wọlé tẹkúntẹkún.

Ìyá ọkọ ní àjẹ́ ni Ròkíátù, pé ẹni tí kò tíì bí ló ń da oyin ọmọ ọlọ́mọ nù. Wọ́n lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì lé e níbi iṣẹ́ pẹ̀lú. Èmi náà fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́, torí bí mo délé, mi ò lè jẹun mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo pàdé Fàúsátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin l'Àgbàdo. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí láti ọjọ́ ìkómọ ni kò ti jẹ́ kó fojú kan ọmọ náà. Ó nàka sí Mùízz tó ń lé ewúrẹ́ kiri. "Ẹ wò ó. Kí ló ṣe é? Àìsàn tó ní ó ń bọ̀ dà?" Inú bí mi, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo lọ bá Ròkíátù ní Mówè, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á bínú. Ó bi mí pé, "Ọmọ náà, ṣé ó jọ wá?"