Àgò Ẹsẹ̀ Òkè

Òórùn àpáta gbígbóná tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lé lórí ló máa ń dá mi padà sí ọdún náà. Bí o bá gbé Dásà rí, o mọ òórùn tí mò ń wí. Ẹsẹ̀ òkè ni ilé wa wà, ọ̀nà tó gòkè sì gba iwájú ilé ìdáná ìyá mi. Ibojì àwọn ará ilé wa wà lókè, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gùn ún á kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀, á ké “Àgò o!”, á sì dúró títí ìyá mi yóò fi dáhùn pé “Àgò yà!” Èmi ò ka gbogbo ìyẹn sí. Kùtọnu ni ọkàn mi wà, mo tilẹ̀ ti di ẹrù mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ fi òfin dá ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀, tí yóò máa pàṣẹ lórí àwọn òkè, nítorí àwọn tó ń wá gbàdúrà ní Àrígbó, ibi àdúrà àwọn Àgùdà, ti ń fẹ́ gùn wọ́n. Wọ́n fún àwọn onílé-ìtura níjókòó nínú rẹ̀, wọ́n fún ìjọ Àgùdà, wọ́n fún àwọn oníṣòwò inú ọjà. Wọn ò fún ará ẹsẹ̀ òkè. Wọn kì í ṣe ìkà o: wọ́n ti kéde lórí rédíò pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá sọ. Àwọn ará ilé wa ní tiwọn jókòó tẹtẹrẹ, wọ́n ń retí kí ẹni tó fẹ́ òkè wá ké àgò! Inú bí mi sí tọ̀tún tòsì. Bí òfin náà bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè dúró lórí ibojì bàbá mi ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò, èmi ni mò ń gbé omi fún wọn ní gbọ̀ngàn, n kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ara mi ò balẹ̀, mò ń wọlé, mò ń jáde. Olórí ìjọba ìbílẹ̀, tí à ń pè ní mẹ́rì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n nawọ́ ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà: “Àgò o!”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò wọlé.

“Màmá, ẹ wọlé,” ni mẹ́rì wí. Ìyá mi ò mira. Ó tún ké e. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú kọ́kọ́ tì mí, lẹ́yìn náà ni ìbínú ru sókè láyà mi. Mo gbé omi kalẹ̀, mo sì fi gbogbo ohùn mi dáhùn: “Àgò yà!”

Ó wọlé. “Ẹ kú ìjókòó o. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yín. Kí àlejò yín náà máa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.”

Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Bàbá kan tó ṣojú abúlé Sòkìlògbó ló kọ́kọ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí òfin jáde, ìjókòó wa wà nínú rẹ̀, ó sì ti di dandan kí àlejò ké àgò kó tó gòkè, kí ará ilé wa sì dá a lóhùn.

Mo yọ̀ bí ọmọdé. N ò ronú pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò máa dáhùn. Ohùn ìyá mi ti rẹlẹ̀ báyìí. Mo ti tú ẹrù mi, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì Kùtọnu, mo máa ń dìde dúró. Lánàá, mo ti dìde báyẹn nígbà tí òyìnbó kan ké àgò wọ́gọwọ̀gọ nísàlẹ̀, kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Mo jókòó padà. Ọjọ́ tí mo dáhùn ní gbọ̀ngàn yẹn ni mo ti gba iṣẹ́ yìí, èmi nìkan ni n kò mọ̀.