Ọjọ́ Tí Mo Di Aidialísìtì ní Pápá Àjàó

Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí kò sẹ́ni tó lè fi yangàn lójú mi: aidialísìtì. Ara ni mo fi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni. Wẹ́dà ni mí ní Pápá Àjàó, géètì tó bá dúró dáadáa ládùúgbò wa, èmi ni mo jó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ké olè. Kí n tó bọ́ awò ojú mi, wọ́n ti ká ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Aago ọwọ́ ló já gbà. Wọ́n ti gbà á padà, àmọ́ wọn ò tíì lù ú tẹ́rùn. Bàbá kan gbé ọmọ odó dání.

Mo bọ́ sáàárín wọn, mo ní, “Àbúrò mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Bàbá ọlọ́mọ odó wò mí tòkètilẹ̀. “Mú un wọlé, ká rí i. Tó bá jẹ́ irọ́ lo pa, ẹ̀yin méjèèjì la máa jọ lù.”

Wọ́n tẹ̀ lé wa délé, wọ́n jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá, olè ń gbọ̀n débi pé àga ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi pọn ọmọ, ó ki yẹtí rẹ̀ bọ inú ìró.

Tísà tó háyà yàrá iwájú yọjú. “Wẹ́dà, aidialísìtì lòyìnbó ń pe irú ẹ.”

“Kí nìtumọ̀ ẹ̀, sà?”

“Ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé ayé ti rí bó ṣe yẹ kó rí.”

“Ìyìn ni àbí èébú?”

“Tí àlùfáà bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyìn ni. Tó bá jẹ́ ìyàwó ẹ, èébú ni.”

Ìyàwó mi ní, “Èmi ò gbọ́ òyìnbó o, sà. Òmùgọ̀ lèmi ń pè é.”

Mi ò lè fi olè pamọ́, mi ò sì lè tì í síta fún wọn. Ogbómọ̀ṣọ́ ló ní òun ti wá, mo bá ní kó wọ bùbá mi, kí n sìn ín dé ibi mọ́tò ní Jíbówú. Ìyàwó mi sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá yẹn dìde.

“Ìyàwó, kí lorúkọ àbúrò ọkọ ẹ yìí?”

Kò sẹ́ni tó rántí bi olè léèrè orúkọ rẹ̀ nínú wa.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, níbo lẹ ti gbọ́ pé ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Akọ́wé mi ni mò ń pè é.”

Bàbá náà yà fún wa. Mo rìn lọ láìbojú wẹ̀yìn, ẹ̀yìn mi ń retí ọmọ odó yẹn títí a fi dé Jíbówú.

Nígbà tó fẹ́ wọ mọ́tò, olè náà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wa.”

Mọ́tò lọ. Èmi ò tíì lè kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù àtipadà lọ bá ìyàwó mi nílé ń bà mí.