Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Kóóón. Ìró ìka ìyá rẹ̀ lára ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde ni ohun àkọ́kọ́ tí Màmá Oníkòkò rántí nílé ayé. Ẹ̀yìn ló pọ̀n ọ́n sí nígbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lẹ̀ mọ́ egungun ìyá, ìró náà sì ń gba inú egungun wọlé. Ìkòkò tó dá ṣáṣá a máa dún bí agogo. Èyí tó ti sán nínú, tí ojú kò lè rí, pà ló máa ń dún. Ìyá á fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ tí Màmá fúnra rẹ̀ bí sá fún amọ̀. Tíntín, ọmọ ọmọ rẹ̀, nìkan ló jókòó tì í.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, agogo inú ìkòkò ń jìnnà sí arúgbó náà létí. Màmá kọ́kọ́ ní ariwo títì ni. Nígbà tó yá, kò rí ẹni dá lẹ́bi mọ́. Ẹ̀rù bà á, kò sọ fẹ́nì kan. Bí Tíntín bá ti kan ìkòkò, Màmá yóò mi orí: "Ó pé."

Ni ìyàwó bíríkìlà kan bá gbé ìkòkò tó rà lọ́wọ́ Màmá dé, ó ti là sí méjì.

"Màmá, iná ló jẹ ọbẹ̀ mi lánàá. Àwa gbààwẹ̀!"

Tíntín bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà gba òmíràn lọ, Màmá fa ìkòkò kan yọ lórí pẹpẹ.

"Kan èyí. Báwo ló ṣe dún?"

"Pà."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa kẹ̀. Òmíràn ń dún kóóón, òmíràn ń dún pà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gbogbo ẹ̀ ló pé?"

Arúgbó náà rọra gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ní pípé, sísán ló ń fi lé ọmọ yìí lọ́wọ́. Bí òun bá kú lónìí ńkọ́?

"Tíntín, etí mi ò gbọ́ ìró ìkòkò mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Báwo lẹ ṣe wá ń gbọ́ mi?"

"Ta ni kò ní gbọ́ ẹnu ẹ?"

Màmá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìkòkò mìíràn. "Kan án." Nǹkan gbọ̀n rìrì nínú egungun rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ìró náà ṣì wà níbẹ̀! Wọ́n tún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, Tíntín sì to ìkòkò tó dáa àti èyí tó sán sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí ó fi lọ sílé.

Màmá nìkan wá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ iṣẹ́ Tíntín wò. Láàárín àwọn tí ọmọ náà ní ó dáa, ìró ọ̀kan kú mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún kan án. Òkú ni. Ṣé etí Tíntín ló ṣì í gbọ́ ni, àbí egungun òun náà ti ń lọ?

Kò mọ̀. Ó fọ́ ìkòkò náà mọ́lẹ̀, ó gbá àpáàdì rẹ̀ jọ, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì fi àpò tútù bo amọ̀ ọ̀la.