Ẹni Tí Kò Pa Orúkọ Ilẹ̀ Rẹ́: Ọ̀rọ̀ Aya sí Ọkọ Rẹ̀

Ó dìgbà, Bàbá Morẹ́nikẹ́, ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ọmọ Ìdànrè, olówó orí mi, ẹ ti lọ, ẹ fi ilé wa ní Mission Bend sílẹ̀ fún èmi àti ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Láti ogún ọdún ó lé tí mo ti ń pè yín, kò sí ìgbà tí ẹ kò jẹ́ mi lóhùn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo pè yín lórí ibùsùn ọsibítù, ẹ kò dáhùn. Mo tún pè. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, mo mọ ohun tí mo ń rí, síbẹ̀ mo pè lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn ará ìjọ wa mọ̀ yín sí alàgbà tí kì í gbóhùn sókè. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Katy mọ̀ yín sí awọnlẹ̀ tó máa ń wọn ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó dé Houston, ní aṣálẹ̀ Kàlàhárì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Morẹ́nikẹ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ kan gbà yín láti Ìbàdàn lọ sí Botswana, ní gúúsù Áfíríkà. Wọ́n fẹ́ gé ilẹ̀ aṣálẹ̀ sí ọgbà ńláńlá fún àwọn ọlọ́sìn màlúù, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wọn apá kan níbẹ̀. Ìlú kékeré kan létí aṣálẹ̀ ni a ń gbé. Ìwé tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ sọ pé ilẹ̀ náà ṣófo, kò sẹ́ni níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, ẹ ti bá ènìyàn níbẹ̀.

Àwọn San ni. Àwọn ni wọ́n pẹ́ jù lọ ní gbogbo agbègbè yẹn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń da màlúù tó dé, kí òyìnbó tó dé. Ọdẹ ni wọ́n, ajáwé àti awagbòǹgbò ni wọ́n, èdè wọn sì ní ìró tí wọ́n ń fi ahọ́n ta lẹ́nu, bí ẹni ń pòṣé. Láàárín oṣù kan, Morẹ́nikẹ́ ti ń bá àwọn ọmọ wọn ta á. Ẹ̀yin gbìyànjú rẹ̀ títí ẹ fi gé ahọ́n yín jẹ, ẹ kò rí i sọ.

Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Dábè ló kọ́kọ́ wá bá yín lábẹ́ igi. Ó gbọ́ Tswana, èdè ìlú náà, ẹ̀yin náà sì ti ń kọ́ ọ, nítorí náà ẹ gbọ́ ara yín yé. Ó bi yín pé kí lẹ ń wá. Ẹ ní ilẹ̀ lẹ ń wọ̀n.

Ó ní, "Ó dára. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ mọ̀ ọ́n, kí o tó wọ̀n ọ́n."

Oṣù mẹ́ta lẹ fi tẹ̀ lé bàbá náà kiri. Ó fi ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rò pé omi wà hàn yín: ó wa iyanrìn, ó ki koríko oníhò bọ inú rẹ̀, ó fi ẹnu fa omi sókè, ó sì tú u sínú èèpo ẹyin ògòǹgò. Ẹ mu ún, ẹ ní iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní iyanrìn náà ló ṣáájú yín débẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ tí kò lórúkọ. Omi Ìyá Àgbà. Ibi Tí Ìgalà Ti Bímọ. Igi Tí Mànàmáná Là. Ibojì Àwọn Ìbejì. Ẹ ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì ti délé, ẹ máa ń kà wọ́n sí wa létí lórí oúnjẹ.

Dábè náà ló sọ ìtàn wọn fún yín. Ó ní ní ìhà gúúsù lọ́hùn-ún, àwọn òyìnbó ẹlẹ́ṣin dọdẹ àwọn baba ńlá wọn bí ẹni ń dọdẹ ẹran. Ó ní àwọn tó ní màlúù gba ibi omi, wọ́n sọ àwọn tó ni ín di ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ ń da ẹran fún ọlọ́gbà kan, mílíìkì àti tábà lọkùnrin náà ń fún wọn. Ó ní, "Wọ́n ní a kò nílẹ̀ nítorí pé a kì í jókòó sójú kan. A ń rìn nítorí a mọ ibi tí omi yóò wà ní oṣù kọ̀ọ̀kan."

Nígbà tí ẹ gba ìsinmi, ẹ fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí òkè Tsodílò, níbi tí àwọn àgbà ìgbàanì ya ìgalà àti àgùnfọn sára àpáta. Ẹ bọ́ fìlà. Ẹ sọ fún mi níbẹ̀ pé, "Nígbà tí àwọn ènìyàn wa sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ara wa la fi sọ̀kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lé wa. Síbẹ̀, ìyá ìyá mi sunkún òkè náà títí ó fi kú. Báwo ni yóò ti rí lára ẹni tí wọ́n lé?"

Nígbà tí máàpù yín parí, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ lé ní ọgọ́ta. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pè yín, ó ní ẹ pa wọ́n rẹ́, ilẹ̀ tó ṣófo ni wọ́n ní kí ẹ wọ̀n. Ẹ gbé e wálé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá pa á rẹ́, iṣẹ́ ń bẹ. Bí n kò bá pa á rẹ́, a óò kúrò níbí. Kí lo rí sí i?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìsìnkú yìí, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ pa á rẹ́." Mo ní ilẹ̀ baba wa kọ́. Mo ní Morẹ́nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé tó dára. Mo ní bí ẹ kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é.

Ẹ ká máàpù náà, ẹ ní, "Kí ẹlòmíràn náà ṣe é." Ẹ kọ ẹ̀dà kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi bá yín sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn sì ṣe é lóòótọ́. Wọ́n na wáyà, wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù kó àwọn ènìyàn Dábè lọ sí ibòmíràn tí kò sí ẹran ìgbẹ́, tí wọn yóò ti máa dúró de oúnjẹ ìjọba.

Báyìí ni a ṣe wá sí Houston, nítorí pé àbúrò yín ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Nínú àpátímẹ́ǹtì oníyàrá kan la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ní Katy, ẹ sì ń bi gbogbo ènìyàn léèrè pé ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ onírẹsì. Ẹ ní, ṣáájú àgbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn lọ wádìí rẹ̀ wá fún yín.

Ẹ sọ fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ibí, di aṣálẹ̀ Dábè mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí a ń gbà jáde ló ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́: Ibi Tí Táyà Ti Bẹ́, Ibi Tí Morẹ́nikẹ́ Ti Bì. Ọmọ yín kò tíì dárí jì yín lórí èyí. Àṣà kan tún wà tí ẹ kó bọ̀: láàárín àwọn San, bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, wọn á ní egungun lásán ni, kí orí rẹ̀ má baà wú. Mo gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún yín níwájú ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn, ẹ ní, "Ẹran yìí mà rù o." Obìnrin náà fẹ́ kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé.

Nígbà kan ní kíláàsì Bíbélì, alàgbà kan ní kí ni àwọn ará igbó tí kò wọṣọ fẹ́ kọ́ wa. Ẹ fún un lésì ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bí wọ́n bá pa ẹran, gbogbo ibùdó ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìyẹn nìkan nínú ìjọ yìí." Nígbà tí iṣẹ́ epo rọ̀bì dẹnu kọlẹ̀ ní Houston tí àwọn ènìyàn ń dá kọ́kọ́rọ́ ilé wọn padà fún báǹkì, ìdílé mẹ́ta ló gbé lọ́dọ̀ wa tẹ̀ lé ara wọn. Alàgbà náà wà nínú wọn. Òun ló ní kí n kọ èyí síbí.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ tíṣà kan ní Botswana. Ó ní wọ́n tú máàpù yín jáde níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, wọ́n sì sún wáyà sẹ́yìn kúrò ní Omi Ìyá Àgbà àti Ibojì Àwọn Ìbejì tó wà nítòsí rẹ̀. Ibi méjì péré nínú ohun tó lé ní ọgọ́ta. Díẹ̀ lára àwọn ènìyàn náà ti padà síbẹ̀. Dábè kò sí láyé mọ́. Ẹ kà á tán, ẹ jáde lọ dúró nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, èmi sì wo ẹ̀yìn yín láti ojú fèrèsé.

Ní ọsibítù, nígbà tí àárẹ̀ ti mú yín tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ gígùn, mo bẹ̀ yín. Mo ní, ẹ ṣeun tí ẹ kò gbọ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, o bínú, ṣùgbọ́n ìwọ lo di ẹrù. Ọjọ́ mẹ́rin tí o kò bá mi sọ̀rọ̀, ò ń di ẹrù ni. Ta ni ì bá bá mi lọ?"

Ẹ wòó, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó, n kò pe orúkọ yín rí, n kò sì sọ "ìwọ" sí yín rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lónìí, bí ẹni méjì tí wọ́n jọ rìn jìnnà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Sùn re o, Adéwálé.

Àbẹ̀kẹ́, aya yín