Ọkọ̀ Òkun Tó Gbé Bàbá Mi Lọ

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, síbẹ̀ géèmù ọmọdé ni mo jókòó tì ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù kọ́ nǹkan nínú fóònù. Ìranù! Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọkọ̀ òkun àtijọ́ tó gbé bàbá mi ní Àpápá lọ sílùú òyìnbó nígbà tí màámi lóyún mi. Bàbá ò padà wá. Mo ń wo fọ́tò ọkọ̀ náà, mo ń to fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé màá rí ojú bàbá nínú ọ̀kan.

Nígbà tó parí, mo gbé e fún màámi wò. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

“Ṣé ó ń rìn?”

“Rárá, mà. Ojú kan náà ló máa ń wà.”

Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

“Irú èyí ló yẹ kó wá sí Àpápá lọ́jọ́ náà.”