Àlàfo Ẹ̀gbẹ́ Mùhúdíìnì

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Mùhúdíìnì nígbà tó gba iṣẹ́ tí gbogbo abúlé ń fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe. Abúlé náà kò tóbi. Ẹ̀yìn àdúgbò Kotto ló wà, nílẹ̀ àjèjì, níbi tí àwọn Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Mboppi ti rí ilé tí owó rẹ̀ kò ga. Tẹ́lẹ̀, omi ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń ṣàn gba ojúde kọjá sínú odò tí wọ́n ń pọn mu. Ẹnjiníà obìnrin kan, Madame Suzanne, ló gbẹ́ kòtò onísìmẹ́ńtì tí ìdọ̀tí ń rọ̀ sí. Ó tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbin èèsún sórí òkúta, kí omi máa sẹ́ gba ibẹ̀ lọ sódò. Ìkìlọ̀ kan ló ṣe fún Mùhúdíìnì, tó gbà láti máa tọ́jú kòtò náà.

“Papa, no put javel for inside. Na small small animal dem di chop that dirty.”

Javel tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun yóò pa àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń jẹ ẹ̀gbin. Mùhúdíìnì gbọ́ ọ yé. Àràárọ̀ ló ń wọ bàtà rọ́bà, tó ń kó ọ̀rá àti àkísà kúrò lẹ́nu páìpù. Kí ọdún tó yí po, omi tó ń jáde ti mọ́ débi pé ẹja ń hàn nínú odò, àwọn ọmọdé kò sì ya ìgbẹ́ gbuuru mọ́. Ta ló dúpẹ́? Agbépóò ni wọ́n ń pè é.

Ti mọ́ṣáláṣí ló dùn ún jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wẹ̀ kó tó lọ kírun Jímọ̀, á sì fi lọ́fínńdà para. Lẹ́mọ́mù á ní, “Ẹ fi èjìká kan èjìká.” Gbogbo èèyàn á sún mọ́ra, àfi Salman aláṣọ, tó máa ń fi àlàfo èèyàn méjì sílẹ̀ láàárín òun àti Mùhúdíìnì. Ìgbẹ́ ilé Salman yìí náà sì ni ọkùnrin yìí ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́!

Ṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Sẹ̀kínát, ẹ ò rùn. Èmi tí mò ń sùn tì yín, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?”

Kò gbà á gbọ́. Ó lọ sí ọjà Ndokoti, ó ra ìgò javel mẹ́jọ, ó dà á sínú kòtò kí òórùn lè kú. Òórùn rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó di Jímọ̀, Salman ò sún mọ́ ọn. Mùhúdíìnì tún dà á, ó sì ń dà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtìjú burú, ó lè sọ àgbàlagbà di aláìgbọ́n.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, èèsún ti pọ́n, omi ti dúdú, ẹja ti léfòó. Madame Suzanne dé, ó wo kòtò, orí rẹ̀ gbóná.

“Papa, na who put javel?”

“I no sabi, Madame.”

Ó ní àfi kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n tún un ṣe. Abúlé ní àwọn ò lówó tí àwọn máa dá sí ìgbẹ́. Báyìí ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mùhúdíìnì, tí ẹ̀gbin sì padà sí ojúde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Salman wọ mọ́ṣáláṣí tòun ti etí ṣòkòtò tó ti rin fún omi ìdọ̀tí, ó wá fi èjìká ti Mùhúdíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́kípẹ́kí.

“Ẹ kú Jímọ̀ o, bàbá. A dúpẹ́ pé ẹ ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ bá wa ṣàdúà fún Màríyàm wa, láti ìjẹta ló ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kò lè jókòó mọ́.”

“Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà,” ni Mùhúdíìnì wí, kò sì sún kúrò.